OJÚ NÌKAN KÒ TÓ: ÀYẸ̀WÒ IṢẸ́ INÁ MÀNÀMÁNÁ ÀTI ÒMÌNIRA ỌMỌ Ẹ̀KỌ́ṢẸ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtagbangba ní Ìdèrè, ilẹ̀ Ìbàràpá

1. Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

 

Orí ohun tí a kò lè fi ojú rí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ àyẹ̀wò nínú iṣẹ́ iná mànàmáná, àti nípa òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà kí a tó pè é ní ọ̀gá. Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ nìkan ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ń sùn sí abẹ́ òrùlé tí wáyà gbà kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn baba wa wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Lóde òní, gbogbo wa ni a ń fi iná sórí òrùlé sùn, nítorí pé inú àjà ni wáyà wà. Ẹni tí ó lè mú kí oorun wa dùn ni ẹni tí ó fa wáyà náà, bí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ iná tí a kò yẹ̀ wò kò tíì parí. Nítorí náà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò mọ bí a ti ń ṣe àyẹ̀wò kò tíì kọ́ iṣẹ́ tán, ìbáà ti lo ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ìbáà sì ti san gbogbo owó òmìnira.

2. Ìdèrè àti Ohun tí Ojú Kò Rí

Ìdèrè gan-an ni ó yẹ kí a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àwọn ìlú méje tí a ń pè ní Ìbàràpá, èyíinì ni Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ẹ̀rúwà, Láǹlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán, orúkọ Ìdèrè kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó ń ka ìwé ìmọ̀ ìlera káàkiri àgbáyé. Sobìà ni ó fà á. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín kò lè gbàgbé àrùn náà. Àgbẹ̀ tí sobìà bá mú kò lè dé oko, ìyá tí ó bá mú kò lè dé ọjà, ọmọ tí ó bá mú kò lè dé ilé-ìwé. Omi tí ènìyàn kò rí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀ ni wọ́n ti mu ún. Kòkòrò tín-ín-tín kan ni ó gbé ọmọ sobìà sínú omi náà. Bí ènìyàn bá mu ún, ó tó nǹkan bí ọdún kan kí aràn tó yọ jáde lára rẹ̀. Ta ni yóò wá tètè gbà pé omi èṣí ni ó fa egbò ọdún yìí?

Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ètò ìlera sílẹ̀ ní Ìbàràpá. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn olùkọ́ àti olùwádìí rẹ̀ bá àwọn ará Ìdèrè ṣiṣẹ́ lórí sobìà. Wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn inú ìlú àti abúlé ní iṣẹ́ ìlera. Wọ́n gba ìlú níyànjú lórí kànga gbígbẹ́. Wọ́n sì kọ́ ará ilé bí a ti ń fi aṣọ asẹ́ sẹ́ omi kí a tó mu ún. Ní ọdún 2008 ni a rí aláìsàn sobìà ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo fẹ́ mú nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ohun tí ó mọ́ lójú lè gbé ewu sínú. Èkejì ni pé ìmọ̀ tí yóò gba ìlú là kò gbọdọ̀ jókòó sí Ìbàdàn tàbí Abuja. Ọwọ́ ẹni tí ó ń gbé àdúgbò ni ó gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì pé lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ asẹ́ tí ó bá ya ní ojú kan ṣoṣo kì í ṣe asẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìmọ̀ iṣẹ́ iná rí.

3. Bí Iná Ṣe Dé, àti Ibi tí Iṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Iná Parí sí

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Òfin ọdún 1950 ni ó dá ilé-iṣẹ́ ECN sílẹ̀. Ní ọdún 1964, a gbé ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe sí iwájú ilé ECN ní Marina, ní Èkó, nítorí pé Ṣàngó ni Yorùbá mọ̀ sí olówó mànàmáná. Ní ọdún 1969 ni a ṣí ìsédò Kainji, ní ọdún 1972 a pa ECN pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ àwọn ìsédò, ó di NEPA. NEPA di PHCN ní ọdún 2005. Ní ọdún 2013, ìjọba ta àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń pín iná fún aládàáni. Láti ìgbà náà ni Ìbàràpá ti wà lábẹ́ IBEDC.

Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yí. Mítà ni ààlà. Ohun tí ó wà láti orí òpó dé ìdí mítà, ilé-iṣẹ́ iná ni ó ni ín. Láti ìdí mítà wọ inú yàrá, onílé ni ó ni ín, oníṣẹ́ iná àdúgbò ni ó sì ń ṣe é. Apá tí ó kángun sí ibùsùn wa, apá tí ọmọ kékeré lè na ọwọ́ kàn, ọwọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àná ni ó wà. Ìdí nìyí tí òmìnira ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú.

4. Àṣìṣe tí Kò Ní Ojú

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ mẹ́ta hàn yín. Oríṣi wáyà mẹ́ta ni ó wà nínú ilé: èyí tí ó ń gbé iná bọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní láìfù, èyí tí ó ń dá a padà, tí wọ́n ń pè ní niútírà, àti wáyà ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì.

Àpẹẹrẹ kìíní ni ti súwíìṣì. Orí láìfù ni ó yẹ kí súwíìṣì wà. Bí oníṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe, tí ó gbé e sí orí niútírà, kí ni a óò rí? A kò ní rí ohunkóhun. Gílóòbù yóò tàn bí a bá tẹ súwíìṣì, yóò sì kú bí a bá tún un tẹ̀. Onílé yóò yọ̀, yóò sì san owó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí gílóòbù bá jó, tí ẹnì kan pa súwíìṣì, tí ó gun àga láti pààrọ̀ rẹ̀, iná ṣì wà ní ẹnu ibi tí ó fẹ́ fi ọwọ́ kàn.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti wáyà ilẹ̀. Bí wáyà ilẹ̀ bá já nínú ògiri, tàbí tí oníṣẹ́ kò tilẹ̀ so ó mọ́ nǹkan kan, áyọ́ọ̀nù yóò gbóná, fíríìjì yóò tutù, fáànù yóò yí. Kò sí ohun èèlò kan tí yóò sọ pé òun kò rí wáyà ilẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, tí ó bọ́ sí ara irin fíríìjì, ni a óò mọ̀. Ẹni tí ó bá sì di fíríìjì náà mú pẹ̀lú ọwọ́ tútù ni yóò di wáyà ilẹ̀.

Àpẹẹrẹ kẹta ni ti jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń fi ọwọ́ ara wọn pèsè iná nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Bí a kò bá fi ṣéńjófà tí ó péye ya jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà òpó, iná inú ilé wa yóò gba ìdí mítà jáde, yóò dé orí òpó, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń tún wáyà ṣe pẹ̀lú èrò pé iná ti lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó kan sólà tí ó ń pọ̀ sí i láàrin wa.

Ohun tí ó so àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí pọ̀ ni pé iṣẹ́ tí ó dára àti iṣẹ́ tí ó lè pa ènìyàn jọ ara wọn bí ìbejì. "Ó ti tàn" kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá.

5. Ohun tí Àyẹ̀wò Jẹ́

Àyẹ̀wò kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó lọ ra ìkòkò ní ọjà kì í fi ojú nìkan rà á. Yóò fi ìka kàn án, yóò dẹ etí sí ohùn rẹ̀, nítorí pé ìkòkò tí ó ti sán nínú kì í dún bí èyí tí ó pé. Ohun tí ìka ń ṣe fún ìkòkò ni mítà ń ṣe fún wáyà.

Irinṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ wa ni tẹ́sítà, ìyẹn ìtúdè kékeré tí ó ní iná pupa nínú. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò tó. Ara oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni iná ń gbà kọjá kí tẹ́sítà tó tàn. Bí ó bá dúró lórí àpótí igi gbígbẹ, tàbí tí oòrùn mú ganrín-ganrín, tẹ́sítà lè má tàn lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni iná sì wà. Kò lè sọ bí wáyà ilẹ̀ ti rí, kò sì lè sọ bóyá rọ́bà ara wáyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Àyẹ̀wò tí ó pé ní ètò. A kọ́kọ́ ń ṣe èyí tí a ń ṣe nígbà tí iná kò sí nínú wáyà. Kí oníṣẹ́ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, yóò fi ẹ̀rọ rẹ̀ yẹ ibi tí ó mọ̀ dájú pé iná wà wò. Yóò yẹ ibi tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ wò. Yóò sì padà lọ yẹ ibi àkọ́kọ́ wò, kí ó lè dá a lójú pé ẹ̀rọ náà kò kú láàrin méjì. Lẹ́yìn èyí, yóò wò ó bóyá wáyà ilẹ̀ lọ láìjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yóò fi ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Megger ti 500 fólítì sínú wáyà, láti mọ bóyá rọ́bà ara rẹ̀ ṣì ń dá iná dúró. Òṣùwọ̀n tí ó wà nínú ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wa fi kọ́ iṣẹ́, ni pé ohun tí ẹ̀rọ bá kà kò gbọdọ̀ dín sí mílíọ̀nù kan óòmù. Yóò rí i dájú pé súwíìṣì kọ̀ọ̀kan wà lórí láìfù. Nígbà tí gbogbo èyí bá yege ni a tó lè fi iná sí i, kí a sì ṣe àyẹ̀wò ìyókù: bí iná bá ṣìnà bọ́ sí wáyà ilẹ̀, ǹjẹ́ ohun tí ó yẹ kí ó já yóò já lójú ẹsẹ̀?

Ìparí rẹ̀ ni àkọsílẹ̀. Iye tí a kò kọ sílẹ̀ kò lè bá ti ọdún tí ń bọ̀ dọ́gba tàbí kí ó yàtọ̀ sí i.

6. Ilẹ̀ Ìbàràpá àti Wáyà Ilẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan, nítorí pé ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ó kàn. Àpáta pọ̀ ní Ìbàràpá, ní ibòmíràn kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ a gbẹ. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í fẹ́ gba iná. Ká sọ pé irin tí a rì mọ́lẹ̀ ní ilé kan ní ìdènà 200 óòmù, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí iná lè gbà padà. Iná tí ó wọ ilé jẹ́ 230 fólítì. Bí a bá fi 200 pín 230, a óò rí ámpíà kan àti díẹ̀, èyíinì ni 1.15. Fíúsì tí ó wà nínú púlọ́ọ̀gì jẹ́ 13. Fíúsì 13 kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n iná tí a ti kà sí ewu fún ọkàn ènìyàn kò ju 30 nínú 1000 ámpíà kan lọ. Fíúsì tí ń ṣọ́ wáyà kò ṣọ́ ènìyàn.

Nítorí náà ni a fi nílò RCD, súwíìṣì tí ó ń já fúnra rẹ̀ bí iná tí ó jáde kò bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó padà, àní bí ìyàtọ̀ náà kò ju 30 nínú 1000 ámpíà lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún onílé ní Ìdèrè pé ó nílò rẹ̀? Ẹni tí ó bá wọn ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì yẹ kí ó wọ̀n ọ́n, nígbà tí ilẹ̀ burú jù lọ. Oníṣẹ́ tí ó wọn ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ nígbà òjò, tí ó sì fọkàn balẹ̀, dà bí ẹni tí ó wo adágún odò nígbà ìkún omi, tí ó ní omi kò lè wọ́n ìlú láéláé.

7. Òṣùwọ̀n tí Ó Wà àti Ibi tí Ó Mẹ́hẹ

A kò ṣe aláìní òfin. Ó ti pẹ́ tí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ti ń ṣe ìdánwò fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, láti ìpele kẹta dé ìpele kìíní. Ní ọdún 1971 ni a dá ITF sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. NDE, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1986, ṣètò fún fífi àwọn ọ̀dọ́ sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Láti ọdún 1992 ni NABTEB ti wà fún ìdánwò àwọn ilé-ìwé ìmọ̀-ẹ̀rọ. Òfin ọdún 2015 gbé NEMSA kalẹ̀ láti máa yẹ iṣẹ́ iná wò àti láti máa dán àwọn oníṣẹ́ iná wò, kí ó sì fún àwọn tí ó yege ní ìwé-ẹ̀rí. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 sì fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè láti ṣe àbójútó ọ̀rọ̀ iná ní ilẹ̀ wọn.

Ibo ni ó ti mẹ́hẹ? Ọ̀nà méjì tí kò pàdé ni a ń gbà kọ́ iṣẹ́ iná. Ọmọ ilé-ìwé ní ìwé, ó mọ orúkọ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó lè má tíì gun àjà ilé rí. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ ilé. Ó mọ bí a ti ń la ògiri, bí a ti ń fa wáyà gba inú páìpù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó kọ́ ọ náà ni ó ń dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ òmìnira, a ń gbàdúrà, a ń pa obì, ọ̀gá ń fọwọ́ sí ìwé, a sì ń ya fọ́tò. Mo bọ̀wọ̀ fún ayẹyẹ náà, nítorí pé ó ń so ọ̀gá àti ọmọ pọ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó pé àti owó tí a san ni ó jẹ́rìí sí i. Ẹni tí ó se ọbẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a bi léèrè bóyá iyọ̀ pé.

8. Àtakò Mẹ́ta

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀gá ń sọ sí irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tọ́ kí n dáhùn.

Wọ́n ní ìwé kì í fa wáyà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí n kò fi sọ pé kí a fi ìwé rọ́pò ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a fi àyẹ̀wò dé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní adé.

Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀gá àti ọmọ kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè náà sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Ẹjọ́ ìdánwò ni èyí, kì í ṣe ẹjọ́ oníṣẹ́. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, títí kan sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Bí a bá lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì, a lè fi Yorùbá bi àgbàlagbà pé: "Kí ni mítà yìí kà? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Kí ni ìwọ yóò ṣe?" Ìyá tí ó ń tajà ní Ìdèrè ń fi orí ṣírò owó láti àárọ̀ di alẹ́, òǹkà orí mítà kò ju agbára oníṣẹ́ lọ.

Wọ́n ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò wọ́n. Ó wọ́n fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ìlú wo ni Yorùbá wà tí kò mọ àjọ í dá? Ohun tí ọwọ́ ẹnì kan kò tó, ọwọ́ ẹgbẹ́ a tó o.

9. Àgbálọgbábọ̀

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Èkíní, kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí yóò máa kọ àyẹ̀wò rẹ̀ sí láti ọdún kìíní: ilé wo, ọjọ́ wo, kí ni ẹ̀rọ kà, kí ni ó tún ṣe. Èkejì, kí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná ní ìlú méjèèje fi àjọ ra àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀gá kan má dán ọmọ tirẹ̀ wò. Kí ọ̀gá láti Ẹ̀rúwà wá dán ọmọ Ìdèrè wò, kí ti Ìdèrè lọ sí Tápà, pẹ̀lú olùkọ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ tí ó wà ní Ẹ̀rúwà. Kí wọ́n so wáyà mọ́ pátákó kan, kí wọ́n fi àṣìṣe márùn-ún pamọ́ sínú rẹ̀, kí ọmọ náà wá wọn jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí ó sì sọ ewu tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá rí mẹ́rin kò tíì yege, nítorí pé ẹyọ kan tí ó kù ni yóò pa ènìyàn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí a wá ràn lọ́wọ́ láti gba ìwé-ẹ̀rí NEMSA.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin onílé, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ má ṣe san owó ìkẹyìn fún iṣẹ́ iná kí ẹ tó gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ oníṣẹ́. Bí ó bá bi yín pé, "Ṣé iná kò tàn ni?", ẹ dá a lóhùn pé ó tàn, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ mọ ohun tí mítà kà.

Ìlú tí ó kọ́ bí a ti ń fura sí omi tí ó mọ́ lójú kò ní ṣàìmọ bí a ti ń fura sí iná tí ó tàn. Kí ẹni tí ó bá gba òmìnira ní Ìdèrè jẹ́ ẹni tí gbogbo Ìbàràpá lè gbé ilé lé lọ́wọ́, kí wọ́n sì sùn.